Ìwọ̀n Eku, Ìtẹ́ Onígíláàsì

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò rí kọ̀ǹpútà rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti wo eku dáadáa. Eku kì í gbẹ́ ihò tí kò ní gbà á, kì í sì í há sẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Kò lọ sílé ìwé, kò ní fóònù, kò sì tẹ̀lé ẹnikẹ́ni lórí Instagram. Bóyá ohun tó kó o yọ nìyẹn. Ẹ mú eku kan náà, ẹ fún un ní mílíọ̀nù márùn-ún náírà, kí ẹ tú u sílẹ̀ ní òpópónà Otigba, ní Computer Village, Ìkẹjà, kí ẹ wá dúró wo irú ìtẹ́ tí yóò gbé bọ̀ wálé.

Àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà wọn fúnra wọn ni mo ń bá wí. Wọn kì í ra èyí tí ilé iṣẹ́ ti tò pọ̀. Wọ́n á ra processor lọ́tọ̀, motherboard tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bọ́ọ̀dù lọ́tọ̀, RAM lọ́tọ̀, graphics card lọ́tọ̀, páwà lọ́tọ̀, wọ́n á wá kó gbogbo rẹ̀ sínú kéèsì kan. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí ohun tí iṣẹ́ rẹ bá fẹ́ nìkan lo máa náwó lé, bí ẹ̀yà kan bá sì kú, ìyẹn nìkan lo máa pààrọ̀. Àmọ́ níbo ni arákùnrin wa tó fẹ́ to tirẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀? Lọ́dọ̀ kéèsì ni. Kéèsì onígíláàsì, tí iná aláwọ̀ mèje ń tàn nínú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ fi ṣe?” Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló béèrè.

“Gbogbo nǹkan.”

Inú ọlọ́jà dùn. Ẹni tó bá ní gbogbo nǹkan lòun fẹ́ ṣe, gbogbo nǹkan náà ni wọ́n máa tà fún un. Ìtẹ́ ti délé, eku kò tíì sí. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku, tiwa ti di ìwọ̀n ojú ayé.

Ó wá kan processor. Ó ti gbọ́ pé Ryzen 7000 dára, ó rà á. Ó tún gbọ́ pé bọ́ọ̀dù B450 kò wọ́n, ó rà á mọ́ ọn. Ṣebí AMD ló ni méjèèjì, kí ló tún kù? Ohun tó kù ni pé ibi ìjókòó tó wà lórí B450, AM4 ni wọ́n ń pè é, ihò wẹ́wẹ́ 1331 ló wà níbẹ̀ fún ẹsẹ̀ 1331 tó wà lábẹ́ processor tirẹ̀. Ryzen 7000 tó jáde ní 2022, ti AM5 ni. Kò lẹ́sẹ̀ kankan lábẹ́. Orí bọ́ọ̀dù ni ẹsẹ̀ kó lọ, ó sì di 1718. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé, “Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á wọlé,” ẹ gba owó yín lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Síbẹ̀, èyí tí kò wọlé sàn ju èyí tó wọlé lọ. Intel ṣe ibi ìjókòó kan tó ń jẹ́ LGA1151 fún processor ìran kẹfà ní 2015. Nígbà tí ìran kẹjọ dé ní 2017, orúkọ ibi ìjókòó náà kò yí padà, ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà, ọ̀nà tí iná ń gbà wọ inú processor ló yí padà. Nítorí náà, ìran kẹjọ á jókòó wẹ́rẹ́ sórí bọ́ọ̀dù 2015, inú onílé á dùn, á tan iná, ẹ̀rọ á sì dákẹ́. Ibẹ̀ ni òwe wa ti kọsẹ̀ díẹ̀: ìtẹ́ gba eku, ó kàn kọ̀ láti fún un lóúnjẹ ni. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn aráalé tí kò fẹ́ kí wọ́n gòkè.

Ti B450 tún ní àpárá tirẹ̀. Ó lè gba Ryzen 5000 tó jáde ní 2020, bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi BIOS tuntun, ìyẹn ètò tí bọ́ọ̀dù fi ń dá processor mọ̀, sí i. Lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀dù yẹn, BIOS tuntun kò ṣe é fi sí i láìjẹ́ pé processor àtijọ́ kan tí bọ́ọ̀dù ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ wà lórí ìjókòó. Ẹni tó bá fẹ́ lo tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ yá ògbólógbòó.

RAM kò pẹ́ sọ. DDR4 àti DDR5, ojú irin 288 ni méjèèjì ní, bí wọ́n sì ṣe gùn tó bára mu. Àlàfo kékeré tí wọ́n gé sí ìsàlẹ̀ wọn ni kò sí lójú kan náà. Àwọn tó ṣe é mọ̀ wá ni wọ́n fi sún un.

Ṣùgbọ́n graphics card ni ọ̀rọ̀ wà. RTX 4090, èyí tí Nvidia gbé jáde ní 2022, gùn ní mìlímítà 304, ó sì lè jẹ iná 450 wáàtì lóun nìkan. Nvidia fúnra wọn ní kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní páwà 850 wáàtì. Arákùnrin wa ra káàdì, ó ya fọ́tò, ó gbé e sórí WhatsApp, àwọn ọ̀rẹ́ ń kí i kú oríire. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù rọra béèrè:

“Ẹ̀gbọ́n, páwà ńkọ́?”

“Mo ní ọ̀kan nílé.”

Èyí tó wà nílé, inú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì nílùú òyìnbó ló ti yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ irú páwà bẹ́ẹ̀ kò tó 300 wáàtì, ẹnu wáyà wọn gan-an sì lè máà bá bọ́ọ̀dù ọjà mu, nítorí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti ṣe ẹnu náà ní tara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò páwà. Ìsàlẹ̀ kéèsì ló máa ń wà, nínú òkùnkùn, kò ní iná aláwọ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo àwọn tó ń tàn lókè ti ń jẹun. Lójú tèmi, páwà ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ lajú sí tó bá ti mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ 1000W sí lára gàdàgbà. Ẹ gbé e lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé ó fúyẹ́ ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Kí n má gbàgbé àwọn tí gbogbo rẹ̀ bára mu fún, tí wọ́n wá ki wáyà tẹlifíṣọ̀n bọ ojú bọ́ọ̀dù dípò ojú káàdì. Káàdì olówó iyebíye jókòó, kò rí iṣẹ́ ṣe. Bó bá sì jẹ́ processor Intel tí F wà nídìí orúkọ rẹ̀, irú bíi i5-12400F, àwòrán kankan kò ní jáde lójú bọ́ọ̀dù rárá, nítorí processor yẹn kò ní agbára àwòrán nínú.

Ibì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, PCPartPicker, tí èèyàn lè to orúkọ àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí sí, tí yóò sì kìlọ̀ bí èyí kò bá bá èyí mu. Ọ̀fẹ́ ni, bóyá ìdí nìyẹn tí a kò fi kà á sí. Ó mọ wáàtì, ó mọ mìlímítà. Ohun tí kò mọ̀ ni iná wa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná fọwọ́ sí i pé kí àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná ń pọ̀ fún jù lọ, máa san ₦225 lórí yúnìtì kan. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ 600 wáàtì á jẹ yúnìtì mẹ́ta ní wákàtí márùn-ún, ₦675 nìyẹn ní iye ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni tó tan gílóòbù. Bí NẸ́PÀ bá wá mú iná lọ, ó di ọwọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní “I better pass my neighbour”, èyí tí agbára rẹ̀ kò tó kílówáàtì kan.

Nígbà tí arákùnrin wa ti pààrọ̀ gbogbo ohun tí kò bára mu, ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Jẹnẹrétọ̀ kérora, iná ilé ń ṣẹ́jú.

“Ìyá Bọ̀lá, jọ̀ọ́ bá mi yọ fíríìjì, mo fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà.”

“Bàbá Bọ̀lá, ẹja ọ̀la ló wà nínú fíríìjì o.” Ó yọjú wo kéèsì náà, ó ka fáànù inú rẹ̀, mẹ́sàn-án, gbogbo wọn ń yí. “Ó dáa, mo ti yọ ọ́. Ẹ ṣí gíláàsì yẹn, kí n kó ẹja náà síbẹ̀.”