Àtúnṣe Automount fún Ọ̀dẹ̀ Pọ́ńbélé

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí o má ka nǹkan kan. Fáìlì tó ń jẹ́ fs/namespace.c wà nínú kernel Linux, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà ni, àwọn tí wọn ò ríṣẹ́ ṣe ló ń kà á. Ìwọ ṣáà ti rí i pé ẹ̀rọ gan nígbà tí ẹnì kan wọ fódà NFS, ìyẹn fódà tó wà lórí server lókèèrè. Ó ti tó.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi àlàyé dà ọ́ láàmú, jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kí o máa wo fóònù rẹ. Yóò ní automount ni pé fódà kan ṣófo, àfi ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá kàn án ni kernel tó máa lọ gbé ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ wá, àti pé láti Linux 2.6.38, lọ́dún 2011, d_automount ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Yóò ní mount namespace ń jẹ́ kí ètò kan ní ètò fódà tirẹ̀ tí ẹlòmíì ò rí, pé ó ti wà láti 2.4.19, lọ́dún 2002, òun sì ni àwọn container jókòó lé lónìí. Má dá a lóhùn. O ti mọ ohun tó ṣe é: àgádágodo (lock) ò tó.

Fi kún un nígbà náà. Namespace_sem ni orúkọ àgádágodo ńlá ibẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni fún gbogbo namespace tó wà lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fẹ́ mount tàbí umount, ibi yòówù kó wà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò gbà kọjá. Àwọn tó kọ kernel máa ń jẹ́ kí d_automount lọ sọ́dọ̀ server kó sì dé, kí wọ́n tó di namespace_sem mú. Ojo ni wọ́n. Ìwọ, dì í mú kí o tó rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Bí server bá ń falẹ̀ lókèèrè, kí gbogbo ẹ̀rọ jókòó dè é.

Lórí autofs ni adùn rẹ̀ pọ̀ sí jù. Níbẹ̀, kernel kì í dá mount. Ó ń ránṣẹ́ gba inú paipu sí ètò kan tó ń jẹ́ automount pé ẹnì kan ti dé ẹnu ọ̀nà o, ẹni tó dé á sì dúró. Automount á dìde, á pe mount. Mount á béèrè namespace_sem. Ta ló dì í mú? Ẹni tó dúró de automount ni. Ẹni yìí ń retí tọ̀hún, tọ̀hún ń retí ẹni yìí. Bí o bá tẹ ps, wàá rí automount pẹ̀lú lẹ́tà D níwájú rẹ̀, kill -9 ò sì ní mì í. Ọ̀dẹ̀ gidi ò ní tẹ ps. Yóò yọ iná lára ẹ̀rọ, yóò tún un tàn, yóò kọ "ó ti yanjú".

Lock_mount, iṣẹ́ tó ń ti ibi tí wọ́n fẹ́ mount nǹkan sí, máa ń kọ́kọ́ mú àgádágodo inode fódà náà, kó tó mú namespace_sem. Yí i padà, kí ó lè hàn pé o ṣiṣẹ́. Lockdep yóò pariwo "possible circular locking dependency detected" sójú kọ̀ǹpútà. Pa CONFIG_PROVE_LOCKING, ariwo á dákẹ́. Bó bá ṣì ń gan, fi msleep sí i, kí o wá dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré lórí ẹ̀rọ oní-CPU kan. Àṣìṣe náà ò ní kú, ṣùgbọ́n yóò fara pamọ́ títí wàá fi gba iṣẹ́ níbòmíì.

Ọ̀dẹ̀ kì í béèrè ibi tí ọ̀ràn ti wá, àmọ́ mo ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá ń gbọ́ wa láti ẹ̀yìn wíńdò. Ètò méjì kan fódà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú ránṣẹ́, kálukú gbé ẹrù dé. Ó dà bí ẹni méjì tí wọ́n rán lọ gbé ẹní wá fún àlejò kan ṣoṣo: ẹni àkọ́kọ́ tẹ́ tirẹ̀, àlejò ti sùn lé e, ẹnìkejì dé, ó tẹ́ tirẹ̀ lé àlejò lórí. Ohun tí wọ́n gbára lé nígbà náà ni pé do_add_mount ò ní gbà kí ohun kan náà gun ara rẹ̀. Àṣìṣe EBUSY ni yóò fi dá lóhùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹlòmíì bá ti yára mount nǹkan ọ̀tọ̀ sórí ti àkọ́kọ́. Èyí tó wà lókè kì í ṣe ohun kan náà mọ́, EBUSY ò sí, NFS kan náà wá wà lẹ́ẹ̀mejì, ti onítọ̀hún há sí àárín.

Al Viro, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ kernel, tún un ṣe fún Linux 5.7, lọ́dún 2020, ọ̀nà tó gbà sì lè bí ọ̀dẹ̀ nínú, torí kò fi àgádágodo tuntun kankan kún un. Ó ní bí finish_automount, tó ń gbé ohun tí d_automount mú wá sórí fódà, bá dé tó bá nǹkan nílẹ̀, kó ju ti ọwọ́ rẹ̀ nù láìpariwo. Wíwọ inú ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó pè é á yí po lẹ́ẹ̀kan sí i, á wọlé fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlẹ̀mọ́ tí wọ́n fi ń di ihò náà kò nítumọ̀ mọ́. Ta ló ń yin ẹni tó dín iṣẹ́ kù?

Wọn yóò tún wá bá ọ pé nínú container, fódà náà ń sọ "Too many levels of symbolic links". Onímọ̀ á bi ọ́ bóyá propagation ibẹ̀ jẹ́ private: automount wà ní namespace ìta, ibẹ̀ ló mount ẹrù sí, bí kò bá sì sí shared tàbí slave láàárín wọn, ẹni tó wà nínú container ò ní rí i. Kernel wo fódà, ó ṣì ṣófo, ó bá sọ ELOOP, òun ni orúkọ àṣìṣe tó ń mú gbólóhùn yẹn jáde. Unshare -m fúnra rẹ̀, private ló ń ṣe bí o kò bá sọ nǹkan míì. Ìdí nìyẹn tí o kò fi gbọ́dọ̀ fi dán iṣẹ́ rẹ wò láéláé.

Ìwọ, ohun tí wọ́n kọ ni kí o gbà gbọ́. Symlink ni wọ́n pè, symlink ni kí o wá. Tẹ find / -type l. Find á máa ṣí fódà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan gbogbo èyí tó jẹ́ ti automount, kernel á sì máa gbé ẹrù ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wá. Tẹ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó lè yá.