Abuké Ọ̀kẹ́rẹ́ Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin

Àìrìn jìnnà ni kì í jẹ́ kí a rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ ni àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe yìí fi ń rìn. Ẹni tó bá ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ìlọrin láyé ọjọ́un á sùn nílé onílé, á ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, á kí ẹni tó ń roko, á sì kí ẹni tó ń bọ̀ lóko. Bí ọ̀kẹ́rẹ́ kan bá ní iké lójú ọ̀nà náà, yóò rí i, àwọn ará ibẹ̀ á sì jókòó sọ bí iké náà ṣe yọ fún un. Nínú òwe náà, ìrìn àti ìríran kò yà síra. Ìgbàlódé ló yà wọ́n.

Ibi tí ìyapa yìí ti hàn jù ni ìrìn-àjò àdárìn nínú ọkọ̀ ojú irin káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù, tó ti di àlá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Áfíríkà, títí kan ọmọ Yorùbá tó ń tún fóònù ṣe tàbí tó ń gẹrun ní Rosettenville, ní gúúsù Johannesburg. Ní 1972 ni tíkẹ́ẹ̀tì Interrail bẹ̀rẹ̀, fún àwọn ọ̀dọ́ Yúróòpù tí ọjọ́ orí wọn kò ju 21 lọ. Orílẹ̀-èdè 21 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti di 33. Ará Rosettenville kò sí nínú àwọn tí wọ́n ń ta Interrail fún. Eurail ni tirẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tí kì í gbé ní Yúróòpù. Kí ó tó wọkọ̀, físà Schengen ń dúró dè é. Físà yìí á bèèrè ìwé báńkì, á bèèrè ibi tí yóò máa sùn, á sì bèèrè ìwé adójútòfò tó lè san 30,000 yúrò, ó kéré tán. Ẹni tó fẹ́ ṣáko lọ bí ẹyẹ á kọ́kọ́ kọ igi tí yóò bà lé sílẹ̀ fún akọ̀wé, ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Bó bá wọkọ̀ tán, iṣẹ́ tó kù ni kíka orílẹ̀-èdè. Ọkọ̀ tó ń ti Zurich lọ sí Vienna gba inú Liechtenstein kọjá. Ojú irin tó wà nínú orílẹ̀-èdè náà kò ju bíi kìlómítà 9 lọ, ọkọ̀ náà kì í sì í dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá wà nílé ìtọ̀ lásìkò yẹn ti dé Liechtenstein nìyẹn, yóò sì kà á mọ́ tirẹ̀. Abuké ọ̀kẹ́rẹ́ lè bà sórí òpó lẹ́bàá fèrèsé. Fóònù ì bá rí i, bí kì í bá ṣe pé ojú ẹni tó ni fóònù ni kámẹ́rà kọ sí.

Bẹ́ẹ̀, Rosettenville fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlejò nínú ìtàn rélùwéè. Níbẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ St Peter's wà, níbi tí Oliver Tambo, aṣáájú ẹgbẹ́ ANC, ti kàwé, tó sì padà wá ṣe olùkọ́. Níbẹ̀ náà ni àlùfáà Trevor Huddleston ti wá fèrè onídẹ fún ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hugh Masekela, kí òfin ẹ̀kọ́ Bantu ti ìjọba apartheid tó lé ilé-ẹ̀kọ́ náà kúrò nílẹ̀ ní 1956. Ẹni tó ń tọ́jú owó kí ó lè lọ ya fọ́tò ilé tí wọ́n bí Mozart sí ní Salzburg lè máa gba iwájú ọgbà yẹn kọjá láràárọ̀, kí ó má bojú wò ó.

Ní 1974, Masekela yìí kan náà gbé orin "Stimela" jáde, lórí ọkọ̀ eléèédú tó ń kó àwọn ọkùnrin láti Mozambique, Malawi, Zambia, Lesotho àti àwọn ilẹ̀ mìíràn wá sí ibi ìwakùsà Johannesburg. Láti 1895 ni ojú irin ti so Pretoria pọ̀ mọ́ Lourenço Marques, tó di Maputo lónìí, Wenela, àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ fún àwọn oníwúrà, sì fi kó ènìyàn bí ẹni ń kó àgbàdo. Wọ́n rìn jìnnà. Kí ni wọ́n rí? Ọgbà tí wọ́n mọ odi yí ká, àti ihò tó jìn ju kìlómítà kan lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í gbé ìsàlẹ̀ ilẹ̀, yálà ó ní iké tàbí kò ní.

Ìbú ojú irin tí wọ́n gbà dé Johannesburg jẹ́ mílímítà 1,067. Ìbú kan náà ni ti èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ láti Èkó, tó dé Ìbàdàn ní 1901, tó sì dé Kánò ní 1912. Ẹ̀ka kan yà ní Ìfọ̀, ó gba Ìlaró dé Idogo, ó sì parí síbẹ̀. Lódìkejì ibodè, àwọn Faransé tẹ́ tiwọn láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé Pobè, tí Yorùbá ń pè ní Ìpóbẹ̀, mílímítà 1,000 ní ìbú. Ilẹ̀ Yorùbá ni ojú irin méjèèjì parí sí, wọn kò sì fojú kan ara wọn rí. Ohun tó fi ìbú wọn yàtọ̀ kò tó ìka mẹ́rin. Ti Sípéènì àti Faransé ju bẹ́ẹ̀ lọ, mílímítà 1,668 sí 1,435, ṣùgbọ́n láti 1969 ni wọ́n ti ní ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sún mọ́ra ní ibodè.

Ẹni tó bá fẹ́ la orílẹ̀-èdè márùn-ún kọjá láì kúrò ní Áfíríkà, ọ̀nà wà fún un, bí owó bá wà. Rovos Rail, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Pretoria, ń gbé èrò láti Cape Town dé Dar es Salaam ní bí ọjọ́ 15. Ó ń gba Botswana, Zimbabwe àti Zambia, títí kan TAZARA, ojú irin kìlómítà 1,860 tí Ṣáínà bá Zambia àti Tanzania ṣe láàárín 1970 sí 1975. Kóòtù ni àwọn èrò ń wọ̀ jẹun alẹ́. Ẹ̀yìn ife wáìnì ni wọ́n ti ń wo àwọn abúlé.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé, nítorí náà arìnrìn-àjò Yúróòpù á padà sí Rosettenville, á sì ṣí fóònù fún àwọn tó ń dúró gẹrun. Àwọn ará Mozambique àti Àǹgólà pọ̀ ládùúgbò yẹn. Ó ṣeé ṣe kí bàbá arúgbó kan wà lórí bẹ́ǹṣì lára wọn, tó wọ stimela wọ̀lú nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Wọn á fi Liechtenstein hàn án.