Imú Àlàájì, Irùngbọ̀n Oníbàtà

Ẹni tó bá rí Àlàájì aláṣọ wa ní Adjamé, l'Abidjan, á mọ̀ pé Ọlọ́run ti ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ tán kí n tó gbé gègé. Imú náà gba ojú kan, etí sì kọ̀, kò wọ abẹ́ fìlà. Mo ní iṣẹ́ ti bùṣe.

Láti 1999 tí Lassane Zohoré àti Illary Simplice ti dá ìwé ìròyìn ẹlẹ́fẹ̀ Gbich! sílẹ̀ ní Abidjan, ni ọwọ́ ti ń yún ẹni tó bá ní ìwé láti yàwòrán ẹ̀fẹ̀. Tèmi tún légbá kan: ṣebí ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni Akinola Lasekan, tó ń kọ "Lash" sábẹ́ àwòrán tó fi ń ta àwọn òyìnbó amúnisìn lẹ́gùn-ún nínú West African Pilot láti 1944! Mo ra gègé onírin àti ìgò tàdáwà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù nílẹ̀. Orúkọ tí màá máa kọ sábẹ́ iṣẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ fi dánra wò.

Gègé onírin kì í ṣe báírò o. Ẹnu rẹ̀ là sí méjì: tẹ̀ ẹ́, ìlà á sanra, dẹwọ́, á tín-ín-rín. Tàdáwà tó bá sì gbẹ, kò sí rọ́bà tó lè pa á rẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá fi ń fi pẹ́ńsùlù ya àwòrán ná. Mo ní pẹ́ńsùlù, ti ọmọ iléèwé ni.

Àlàájì jókòó, ó tún agbádá ṣe. Wọ́n ní ohun tó bá yàtọ̀ lójú èèyàn la ń sọ di ńlá. Èmi sọ imú di ńlá, mo sọ etí, mo sọ ètè, mo sọ àgbọ̀n. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tóbi tán, kò sí èyí tó yọ mọ́. Tàdáwà kán sí àgbọ̀n. Mo yáa sọ ọ́ di irùngbọ̀n.

Àlàájì ò ní irùngbọ̀n. Oníbàtà òdìkejì, tí àwọn méjèèjì kì í kíra, ló ní in.

Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ gbaka kan ló kọ́kọ́ kígbe orúkọ oníbàtà. Àwọn ọlọ́jà pagbo: "Òun gan-an nìyí!" Inú mi dùn títí mo fi wo ojú Àlàájì.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ni mo ní kí o yà?"

"Ẹ̀yin ni, Àlàájì."

"Ta lo wá yà?"

Mo ní kí n tún un ṣe. Mo gbọn gègé kí tàdáwà lè sọ̀; orí agbádá funfun ló sọ̀ sí.

Ibẹ̀ la wà tí oníbàtà fi sọdá. Ó wo àwòrán, ó wo Àlàájì, ó yọ 2,000 séfà. Kí n tó nawọ́, Àlàájì ti gbà á: òun lòun jókòó, agbádá òun ló sì mu tàdáwà. Oníbàtà ní kò burú, kí ó ṣáà fún òun ní ṣéńjì 500.