Ọ̀gbẹ́ni Má-sọ-fẹ́nìkan

Bí ẹ bá ní ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti pàdé rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan tí ìyá rẹ̀ ní Òkìtìpupa kò tíì rí àlàyé rẹ̀ ṣe fún àwọn aládùúgbò. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì bá ti ṣú, ó dé àkẹtẹ̀ òyìnbó, ó gbé kóòtù aláwọ̀ eérú wọ̀, ó kó ènìyàn bíi mẹ́wàá sẹ́yìn, ó sì ń mú wọn káàkiri àwọn ilé ọtí tí kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Amọ̀nà ilé ọtí ìkọ̀kọ̀ ni. Èmi ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Má-sọ-fẹ́nìkan, nítorí gbólóhùn yẹn ló fi ń kí ènìyàn káàbọ̀, òun náà ló sì fi ń dágbére.

Kò sí ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì sọ fún. Ìpolówó rẹ̀ wà lórí Instagram, ó wà lórí Facebook, ó wà lórí WhatsApp ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ jáde ilé-ìwé, ó sì wà lórí ti ìjọ rẹ̀ pàápàá, níbi tó ti pè é ní “ìrìn ìtàn àtijọ́” kí pásítọ̀ má baà bínú. Iye owó wà níbẹ̀, aago wà níbẹ̀, ibi ìpàdé àti máàpù wà níbẹ̀. Lókè pátápátá ni wọ́n kọ ÀṢÍRÍ sí, lẹ́tà pupa gàdàgbà tí ẹni tó wà ní òdìkejì títì lè kà láìlo awò ojú. Owó sì gbọ́dọ̀ wọlé kí ọjọ́ tó pé. Àṣírí rẹ̀ kì í gba àwìn.

Ẹ wá wo bó ṣe ń rìn lóru ọjọ́ náà. Kì í gba àárín ọ̀nà bí ọmọ ènìyàn. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń tọ̀. Tó bá dé igun, á gbọ́wọ́ sókè kí gbogbo ẹgbẹ́ dúró, á yọjú wọ̀tún, á yọjú wòsì, bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé bọ̀. Ọlọ́pàá wà nítòsí lóòótọ́. Méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ kan, wọ́n ń jẹ ànàmọ́ díndín, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Á mú wọn dé iwájú ilẹ̀kùn dúdú kan, á sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, á sinmi, á tún kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin gìrìwò kan á ṣílẹ̀kùn, á wo fóònù ńlá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á ní: “Ẹ̀yin ènìyàn mẹ́wàá, aago mẹ́jọ àbọ̀? Ẹ ti pẹ́ o.” Wọ́n á sì tò wọlé.

Mi ò ní parọ́ mọ́ àwọn ilẹ̀kùn náà. Wọ́n pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ní Artillery Lane, nítòsí Liverpool Street, inú ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ The Breakfast Club lẹ máa kọ́kọ́ yà sí. Ẹ ó sọ fún òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé olórí ìlú lẹ wá rí. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì ńlá kan fún yín, ẹ ó gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ ó sì bọ́ sí ilé ọtí tó ń jẹ́ The Mayor of Scaredy Cat Town lábẹ́ ilẹ̀. Ní Earl’s Court, Evans & Peel mú ara rẹ̀ bí ọ́fíìsì ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́; ẹ gbọ́dọ̀ ro ẹjọ́ kan fún ẹni tó jókòó sídìí tábìlì kí ẹ tó ráyè wọ ibi tí ọtí wà. Ní Kingly Court ní Soho, Cahoots tún ilé rẹ̀ ṣe bí ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ti àwọn ọdún 1940. Àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyí mọ̀ pé eré ni àwọn ń ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Má-sọ-fẹ́nìkan nìkan ni kò mọ̀.

Ìṣòro dé bá a lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó wá kí i láti Òkìtìpupa, ní òun náà fẹ́ mọ ibi tí ó máa ń lọ. Màmá gba inú fíríìjì kọjá, wọ́n fọwọ́ di gèlè mú, wọ́n dúró, wọ́n wo àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó sínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì.

“Ọmọ mi, kí ni àwọn wọ̀nyí ṣe tí wọ́n fi ń sá pamọ́?”

“Wọn ò ṣe nǹkan kan, mà.”

“Ṣé wọ́n fòfin de ọtí ní ìlú yìí ni?”

“Rárá o, mà. Wọ́n ń tà á níta náà, nínú pọ́ọ̀bù.”

“Ti ìta yẹn ló gbówó lórí jù, àbí?”

“Ti ìta dínwó gan-an ni, mà.”

Màmá mi orí, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní omi gbígbóná.

Ọ̀gbẹ́ni ní ìdáhùn kan ṣoṣo sí irú ìbéèrè yìí: Amẹ́ríkà. Ó sì mọ ìtàn náà dáadáa. Ní oṣù Kìíní ọdún 1920, òfin bẹ̀rẹ̀ sí í de ṣíṣe ọtí àti títà rẹ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 1933 kí wọ́n tó wọ́gi lé e. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn ará New York àti Chicago ń mutí lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò lórúkọ, onífàyàwọ́ ń kó ọtí wọ̀lú lóru, ọ̀kan nínú wọn, Al Capone, sì di olówó. Tí ìtàn bá ti kan Al Capone, Ọ̀gbẹ́ni á fa àkẹtẹ̀ bojú, á máa fi imú sọ̀rọ̀ bí òṣèré sinimá.

Ohun tó máa ń fò dá ni pé Amẹ́ríkà ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò de ọtí lọ́nà bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún tí òfin yẹn bẹ̀rẹ̀ gan-an, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń po ọtí ní New York, Harry Craddock, kó ẹrù rẹ̀ padà wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó dé òtẹ́ẹ̀lì Savoy ní Strand, ó sì di gbajúmọ̀ agbọ́tí ní American Bar ibẹ̀, níbi tí àwọn olówó Amẹ́ríkà ti ń wá mu ohun tí ìjọba wọn kò jẹ́ kí wọ́n mu nílé. Ìwé tó kó àwọn ọtí àpòpọ̀ náà jọ sí, The Savoy Cocktail Book, jáde lọ́dún 1930. Àwọn agbọ́tí ṣì ń ṣí i wò títí dòní. Ìlú tí wọ́n ń sá wá kí wọ́n lè mutí ní gbangba ni Ọ̀gbẹ́ni ń gba owó lọ́wọ́ wa láti fara pamọ́ sí.

Lọ́ńdọ̀nù ní ìtàn ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀ o. Lọ́dún 1736, nígbà tí jíìnì ti sọ ọ̀pọ̀ tálákà ìlú di ọ̀mùtí, ìjọba pàṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ máa tà á ní wẹ́wẹ́ gbọ́dọ̀ san £50 lọ́dún gba ìwé àṣẹ. Owó yẹn ju agbára ẹni tó ń tajà lójú pópó lọ. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dudley Bradstreet wá dọ́gbọ́n. Ó gba ilé kan, ó kan ère ológbò mọ́ fèrèsé, ó fi páìpù òjé sábẹ́ àtẹ́sẹ̀ rẹ̀. Oníbàárà á fi owó sí ológbò lẹ́nu, Bradstreet á da jíìnì sí páìpù láti inú ilé, ẹni tó wà níta á sì gbà á. Agbófinró dé, ó rí ológbò, kò rí ẹni tó máa mú.

Ní Gerrard Street, àdúgbò tó ti di ti àwọn ará Ṣáínà báyìí, obìnrin kan tó ń jẹ́ Kate Meyrick ṣí ilé ijó sí ojúlé 43 lọ́dún 1921. Òfin kò gbà kí wọ́n máa ta ọtí di òru bó ṣe ń tà á. Ó ń tà á, wọ́n ń jù ú sẹ́wọ̀n, ó ń jáde, ó tún ń tà á. Lọ́dún 1929, ilé ẹjọ́ rí i pé sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan, George Goddard, ń gba ẹ̀gúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè mójú kúrò; àwọn méjèèjì ló ṣẹ̀wọ̀n. Obìnrin oníṣòwò tí kò gbà, ọlọ́pàá tó ń nawọ́: ọmọ Yorùbá wo ló nílò ògbufọ̀ fún ìtàn yẹn? Ọ̀gbẹ́ni Má-sọ-fẹ́nìkan kó ẹgbẹ́ rẹ̀ gba Gerrard Street kọjá. Al Capone ló ń sọ lọ́wọ́.

Màmá ló wá tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n ṣe ń mu omi gbígbóná wọn, wọ́n ní òwò yìí kò ṣàjèjì sí àwọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fi ọtí sílẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀ kò fi ògógóró sílẹ̀ fún wa. Ó ń gba owó ibodè lórí jíìnì tó ti òkè òkun wọlé, ó sì sọ èyí tí a fi ẹmu sè nílé di ẹ̀ṣẹ̀. Òfin náà kò sì bá àwọn òyìnbó lọ nígbà tí a gba òmìnira. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, inú igbó àti ẹ̀bá odò ni wọ́n ti ń sè é, òru ni wọ́n fi ń gbé e. Màmá ní nígbà tí àwọn wà ní kékeré, ọlọ́pàá já wọlé wọn lọ́jọ́ kan. Ìyá wọn jókòó lé agbè ọtí lórí, ó tan aṣọ bo ẹsẹ̀, ó figbe ta pé ìrọbí ti dé. Ọlọ́pàá ní tàwọn kọ́, wọ́n sá jáde.

“Àwọn yẹn,” ni Màmá wí, “ní ohun tí wọ́n ń sá fún.”

Ìyá tó fi ìrọbí bo ọtí yẹn ni ìyá-ìyá Ọ̀gbẹ́ni. Kò gbọ́ ìtàn náà rí.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí ọtí gan-an. Kọkitéèlì kan lè tó £14 tàbí £16, wọ́n á sì fi ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún iṣẹ́ ẹni tó gbé e wá. Ó lè dé nínú ife tíì, ó lè dé nínú agolo, ó lè máa rú èéfín bí ẹni pé àdúgbò ń jó. Ẹ ò ní tètè mu ún, nítorí Ọ̀gbẹ́ni ní àlàyé. Ó ní yìnyín wẹ́wẹ́ máa ń sọ ọtí di omi, pé òkúta yìnyín ńlá kan ṣoṣo tó mọ́ gaara ló dára, nítorí kì í tètè yọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ nígbà tí àlàyé bá fi parí, ti ńlá náà á ti yọ́. Ẹni tó bá wá ṣèèṣì béèrè sítáòtù, ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó bọ́ bàtà sórí pẹpẹ ni Ọ̀gbẹ́ni á fi wò ó.

Agbọ́tí kan ń kán nǹkan dúdú kan sínú ife lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń ṣàlàyé pé gbòǹgbò, èèpo igi àti ewé ni wọ́n rẹ sínú ọtí líle fún ọjọ́ pípẹ́. Màmá gbé ìgò náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní: “Pàrágà mà nìyí! Ó wà ní gáréèjì wa.”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ rọra sọ ọ́.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lálẹ́ náà tí Ọ̀gbẹ́ni fẹ́ kí nǹkan kan jẹ́ àṣírí lóòótọ́.

N ò ní pè é lólè. Iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ àwọn agbọ́tí yẹn, ẹni tó bá sì mú àlejò rìn lóru ní ẹ̀tọ́ sí owó rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo àwọn tó ń tẹ̀ lé e, ẹ ó rí i pé ọtí kọ́ ni wọ́n wá rà. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ọmọ tó gboyè ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ń wa takisí wà níbẹ̀. Ẹni tó ń retí lẹ́tà ìwé ìgbélùú láti Home Office wà níbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń gbọ́ pé kí wọ́n ṣì máa dúró ná. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹnìkan mú wọn dé iwájú ilẹ̀kùn tí kò lórúkọ, ó kàn án, ó ṣí, orúkọ wọn sì wà nínú ìwé. Ìyẹn ni Ọ̀gbẹ́ni ń tà, ó sì mọ̀ pé ó ń tà.

Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ó gbà pé ìtàn ẹni ẹlẹ́ni nìkan ló lè ṣí ilẹ̀kùn náà. Ó ń yá ẹrù Chicago rù, ó fi ti Gerrard Street sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó fi ti ìyá-ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nílé.

Nítorí náà, bó bá pè yín, ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹun kí ẹ tó jáde, ẹ wọ bàtà tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, bó bá sì jẹ́ Thamesmead lẹ ń gbé, ẹ mọ aago tí bọ́ọ̀sì òru N1 ń kọjá. Tí ẹ bá dé Gerrard Street, ẹ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní ojúlé 43. Bó bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi owó lé owó rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, òun ni kó san owó ọtí.