Ọgbọ̀n Tí Mo Gbé Wá sí Ilé Ọgbọ́n

Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, ni wọ́n bí mi sí, ní Bàrígà, níbi tí òórùn ẹja yíyan ti máa ń bá afẹ́fẹ́ ọ̀sà wọlé ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ṣùgbọ́n ogún ọdún tí mo ti lò ní London ti sọ mí di ẹni tí ó gbé ọgbọ̀n wá sí ilé ọgbọ́n, tí ó sì ti ipa rẹ̀ tẹ́ níwájú ọmọ tí ó bí. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé àmì orí ọ̀rọ̀ ni mo ṣì sí: ọgbọ̀n tí mo ń wí ni èyí tí ó tẹ̀lé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ojú ìwé ọgbọ̀n géérégé, tí èmi àti àwọn àbúrò mi fi oṣù méjì jà sí lórí WhatsApp kí a tó fẹnu kò lórí ìwé ètò ayẹyẹ ìyá wa tí ó pé ọgọ́rin ọdún.

Ohun tí mo jókòó láti kọ gan-an ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìṣirò tí ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún méjìlá, ń kọ́ lọ́hùn-ún àti èyí tí wọ́n fi pàṣán tì bọ̀ wá lórí ní Bàrígà. Láàárín ọdún kan péré, wọ́n ti kọ́ ọ ní nọ́ḿbà tí ó ṣeé pín àti èyí tí kò ṣeé pín, nọ́ḿbà tí ó rẹlẹ̀ ju òdo lọ, ìdá lórí ìdá, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, igun onígun mẹ́ta, lẹ́tà tí a fi ń dípò iye tí a kò tíì mọ̀, àti bí a ṣe ń ṣírò iye ìgbà tí dáìsì lúdò lè dá ẹ̀fà. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ìyá mi gbọ́ tí ó fi bi mí bóyá iléèwé ni mo fi ọmọ sí tàbí àtíbàbà Bàbá Ìjẹ̀bú. Àwa tí a wọ JSS 1 lẹ́yìn tí ètò 6-3-3-4 dé ní 1982, a kọ́ LCM àti HCF, a kọ́ òǹkà onípìlẹ̀ méjì tí ẹnikẹ́ni kò sọ ìwúlò rẹ̀ fún wa títí kọ̀ǹpútà fi dé, a sì kọ́ èrè, àdánù àti èlé orí owó nígbà tí a dé JSS 2. Ọbẹ̀ kan náà ni, ìkòkò ló yàtọ̀. A tilẹ̀ gbà nígbà náà pé tiwa ta sánsán ju ti ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé ẹ̀yìn ọgbà Yunifásítì Èkó ní Akọkà ni à ń gbé, níbi tí Chike Obi, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò, ní Cambridge ní 1950, ti kọ́ni, tí Grace Alele-Williams náà sì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. A rò pé bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, ìṣirò a máa fò kọjá odi wá bá wa.

Ìgbéraga yìí ni mo gbé wọ Ṣómólú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, tèmi tọmọ, láti lọ tẹ ìwé ètò náà. Ta ni kò mọ Ṣómólú, ìlú àwọn atẹ̀wé, níbi tí káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ìjọ, ìwé ìpolongo olóṣèlú àti ìwé ètò ìsìnkú ti ń bá ara wọn jáde láti inú ẹ̀rọ kan náà láìbínú síra wọn? Bàbá atẹ̀wé tí wọ́n júwe fún wa wà nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ní ẹ̀gbẹ́ Bájúláyé; yíǹkì ti wọ ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí babaláwo ì bá fi lè kà á bí odù. Mo kí i, ó kí mi, mo sì là á sílẹ̀ fún un: ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà, ojú ìwé ọgbọ̀n.

“Ọ̀gá London,” ni ó wí, láìgbójú sókè, “ọgbọ̀n kọ́. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni, tàbí méjìlélọ́gbọ̀n.”

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ẹni tí ó ti mọ ẹ̀tàn ọmọ Èkó kí wọ́n tó bí ẹni tí ó fẹ́ tan án. Mo ní òórùn owó pọ́n-ùn ni ó ti gbọ́ lára mi, ojú ìwé méjì tí n kò bèèrè ni ó sì fẹ́ fi lé mi lórí.

Bàbá kò bá mi jiyàn. Ó fa bébà kan yọ, ó ká a sí méjì, ó fi èékánná tẹ ojú ibi tí ó ti ká a láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá ń fi àtàǹpàkò dúdú ṣí i níkọ̀ọ̀kan: “Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Ǹjẹ́ ẹ lè ká a kí ó jẹ́ méjì?” Ó ká òmíràn, ó kì í bọ inú ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe títí bébà fi pé méje, ó ní méjìdínlọ́gbọ̀n nìyẹn, ó kì ẹyọ kan sí i, ó ní méjìlélọ́gbọ̀n rèé. “Ọgbọ̀n tiyín wà láàárín àwọn méjèèjì, kò sì sí bébà tí ó lè gbé e.” Kí n tó fa fóònù yọ láti fi ṣírò, ó ti ṣe é tán: bébà mẹ́jọ lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún, 2,400, ríìmù kan, 500, ríìmù márùn-ún ni a ó rà, ọgọ́rùn-ún tí ó bá ṣẹ́kù, ti ẹ̀rọ ni, “nítorí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ jẹun.” Mo tẹ fóònù. Fóònù ní 2,400. Inú tún wá bí mi sí i.

Ìgbà náà ni ọmọ mi la ẹnu. “Dádì, ọgbọ̀n kò ṣeé fi mẹ́rin pín kí ó má ṣẹ́kù. Ìgbà tí a wọlé ní September la ti kọ́ ọ.” Bàbá gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wo ọmọ náà, ó sì bu gígé bébà aláwọ̀ mèremère ẹ̀kúnwọ́ kan fún un bí ẹni fún ọmọ ní ẹran ọbẹ̀.

Ibi tí ó yẹ kí àgbà ti dákẹ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo ka ìwé-ẹ̀rí mi láti JSS 3 lọ sókè, mo fa ọmọ lọ́wọ́, mo sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì síbẹ̀, níbi tí ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó so ẹ̀wọ̀n fàdákà mọ́rùn ti dáhùn “Yes, sir” kí n tó sọ iye tí mo fẹ́ tán.

Lálẹ́ ọjọ́ náà wọ́n mú iná lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ gba gbogbo àdúgbò kan, ọmọ mi sì jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bi mí ní ìtumọ̀ ohun tí bàbá wí. Mo ní “dín” ni kí a yọ, “lé” ni kí a fi kún. Ó ronú díẹ̀, ó fi ìka fa ìlà sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọgbọ̀n sí àárín, ó fi méjì sí apá ọ̀tún, méjì sí apá òsì, ó ní bí wọ́n ṣe ya nọ́ḿbà tó rẹlẹ̀ ju òdo sínú ìwé wọn gẹ́lẹ́ nìyí, pé kí ló dé tí wọn kò fi Yorùbá kọ́ èmi náà? Kí ni kí n sọ? Kí n sọ pé wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí ó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì wa? Ní Ifẹ̀, láti 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò. Ìròyìn náà kò tíì dé Bàrígà nígbà tí èmi ń san ìtanràn.

Mo rántí ìyá mi nídìí agbọ̀n ẹja, tí kò jókòó nínú kíláàsì rí, bí ó ti ń da ẹja sílẹ̀ ní márùn-ún márùn-ún, tí ẹnu rẹ̀ ń bá oníbàárà nájà, tí ọwọ́ rẹ̀ ń kà, tí orí rẹ̀ sì ń ṣọ́ ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó láti ọjà márùn-ún sẹ́yìn. Lọ́hùn-ún, káàdì ni mo ń fi kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ a ké píì, mo bá lọ. N kò ka owó mọ́. N kò mọ iye tí ẹja ń jẹ́, kò sì sí ẹni tí mo lè bẹ̀ pé kí ó fi ènì sí i. Ta ni ń tọrọ ènì lọ́wọ́ ẹ̀rọ? Mo bínú sí London lálẹ́ ọjọ́ náà, bí ẹni pé òun ni ó sọ fún mi pé ọgbọ̀n ṣeé fi mẹ́rin pín.

Ìwé dé ní òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tí wọ́n ti ń ta àtíbàbà. Ojú ìwé 31 àti 32 funfun báláú. Àwòrán ìyá mi, tí ó yẹ kí ó wà lẹ́yìn ìwé níbi tí gbogbo ayé yóò ti rí i, há sínú ní ojú ìwé 30, ìwé náà wá dà bí ẹni tí ó wọ agbádá níwájú tí ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní ìhòòhò. Ẹgbẹ̀ta ojú ìwé òfìfo, tí mo san owó bébà rẹ̀ pé! Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Tèmi kò tilẹ̀ dúró di ẹ̀míì.

Ṣùgbọ́n ará ilé kì í jẹ́ kí nǹkan ṣòfò. Kí ọbẹ̀ tó délẹ̀, ẹnìkan ti kọ nọ́ḿbà fóònù sí òfìfo tirẹ̀, ọmọ onílù ti kọ orúkọ àwọn tí ọ̀gá rẹ̀ máa kì, àbúrò ìyá mi tí ó kó aṣọ ẹbí wá sì ti sọ tirẹ̀ di ìwé gbèsè, ó ń pe orúkọ, ọmọ mi ń kọ ọ́, ó ń ro ó pọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ọmọ náà gbé e wá bá mi lórí ìjókòó ọlọ́lá. Ó ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ kà pé: Bọ̀dá London, gèlè mẹ́ta, fìlà méjì. Mo bi í léèrè ohun tí ìlà kékeré tí ó fà sí iwájú owó náà jẹ́. Ó ní bí a ṣe ń kọ èyí tí ó rẹlẹ̀ ju òdo nìyẹn.