Ẹ Káàbọ̀ Sílé Wa ní Abidjan

Ti Uyo ti kọjá. Mẹ́rin sí òdo ni Nàìjíríà fi na àwa Bénin. Osimhen nìkan gbá mẹ́ta wọlé, South Africa gba tíkẹ́ẹ̀tì Ife Àgbáyé lọ, àwa tí a wà lókè tábìlì kí a tó wọ pápá lọ́jọ́ náà sì di ẹni kẹta. Mi ò bínú sí ìyẹn. Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ló gbá a. Ohun tó ń dà mí láàmú ni àwọn atọ́kùn ètò eré ìdárayá orí rédíò tí wọn ò yéé wí láti ọjọ́ yẹn pé, “Ká ní ilé la ti gbá a ni!”

Ilé wo?

Ẹ má bínú, ará Kpoulou ní Bénin ni mí, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tètè yé wa. Nínú gbogbo ìdíje àtiwọ Ife Àgbáyé yìí, kò sí ọjọ́ kan tí Bénin gbàlejò lórí ilẹ̀ Bénin. Abidjan la ti gbàlejò. Ibẹ̀ la ti na Rwanda, ibẹ̀ la ti na Nàìjíríà 2-1 lóṣù kẹfà ọdún 2024, ibẹ̀ náà ni South Africa ti nà wá 2-0 lóṣù kẹta ọdún 2025. Lórí ìwé, Bénin ni onílé.

Ẹ gbọ́ bí ọmọ Kpoulou ṣe máa dé “ilé” yìí. Á gun zémi, ọ̀kadà tiwa, dé ojú títì, á wọ mọ́tò gba Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé Kútọnu. Ní Hillacondji, á na ìwé sí àwọn aṣọ́bodè Togo. Ní Aflao, á na án sí ti Gánà. Tó bá kọjá Elubo, á na án sí ti Côte d'Ivoire, nígbà yẹn á ti yé e pé ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ òun. Ibodè mẹ́ta kí onílé tó délé! Tó bá wá dé ẹnu ọ̀nà pápá, ará Abidjan tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì á ní, “Àlejò, ẹ káàbọ̀,” òun náà á sì dúpẹ́.

Nàìjíríà tó yẹ kó jẹ́ ìrìn àjò ńkọ́? Ẹni tó bá jẹun àárọ̀ tán ní Kpoulou á sọdá ibodè, á ra ọjà, á kí àwọn àna rẹ̀, á sì padà wá jẹ ẹ̀bà alẹ́.

Lóṣù kẹta ọdún 2021, nígbà tí Àjàṣẹ́ ṣì ń gbàlejò, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn Super Eagles wọ̀ láti Èkó. Wọ́n gba orí omi wá, wọ́n fi góòlù kan ṣoṣo nà wá nígbà tí eré ń parí lọ. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó bójú mu: àlejò wá bá onílé nílé. Nígbà tó di 2024, àwọn aládùúgbò kan náà, tí a jọ ń nájà, tí a jọ ń fẹ́ra, tí a jọ ń fi èdè kan bú ara wa, ní láti wọ bàálù gba ọ̀kánkán wa kọjá, gba ti Togo, gba ti Gánà, kí wọ́n tó lè bá wa lálejò. Àwa náà wọ bàálù. A wá dà bí ọkùnrin tí ilé rẹ̀ wà nídùúró, tó wá lọ ń ṣe ìkómọ ní pálọ̀ ẹlòmíì ní àdúgbò kejì, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ fáwọn èèyàn pé, “Ẹ jókòó, ilé yín náà ni”! Bí wọ́n bá bi í léèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀, òun náà á kọ́kọ́ lọ béèrè.

Mo ti ronú lọ títí. Àlàyé kan ṣoṣo tí mo rí ni pé Le Plateau ni wọ́n ń pe àdúgbò tí pápá Houphouët-Boigny wà ní Abidjan. Plateau náà sì ni orúkọ ìpínlẹ̀ tiwa, tí Adja-Ouèrè, ìjọba ìbílẹ̀ Kpoulou, wà nínú rẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé akọ̀wé kan ní Kútọnu rí “Plateau” nínú fáìlì, ló bá lu òǹtẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Plateau, ẹ kú àlejò. South Africa wá sọ́dọ̀ yín, ẹ ò tiẹ̀ fún wọn lómi.

Àwa nìkan kọ́ o. Zimbabwe pè wá sílé, Durban ní South Africa la ti bá wọn. Lesotho pè wá sílé, Durban náà ni. Nínú ẹgbẹ́ mẹ́fà, mẹ́ta ló ti inú ilé onílé gbàlejò.

Kì í sì í ṣe pé a ò ní ilé. Pápá Kouhounou wà ní Kútọnu. Àwọn ará Ṣáínà ló bá wa kọ́ ọ, wọ́n ṣí i ní 1982, wọ́n fi Ọ̀rẹ́ sọ ọ́: Stade de l'Amitié. Ìgbà tí Ààrẹ Kérékou ń fi Marx àti Lenin ṣèlú ni. Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 2011, Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún dúró nínú pápá kan náà, ó ṣe Máàsì. Ẹ wo pápá tó gbọ́ràn! Wọ́n ní kó ṣe ti àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, ó ṣe é. Wọ́n ní kó ṣe ti Póòpù, ó ṣe é. Ó gba olórin, ó gba olóṣèlú, ó gba àwọn oníwàásù. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, ní kò kúnjú ìwọ̀n fún ni èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ.

Láti 1982 sí 2023, ogun kò jó o, ìjì kò wó o. Àwọn tí a ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ni kò tọ́jú rẹ̀. Owó tí wọ́n fi ń wọ bàálù, tí wọ́n fi ń sùn sí òtẹ́ẹ̀lì nínú “ilé” ara wọn, owó obìnrin tó ń fún epo pupa lábúlé wa ni, owó ìyá tó ń yan gaàrí nínú èéfín ni. Ọmọ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà, òkúta méjì ni góòlù rẹ̀, kò sì lè rí agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè rẹ̀ àyàfi lórí fóònù ẹlòmíì. Ìkà ni. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ọ̀rọ̀ eré ìdárayá.

Ẹ̀yin ìbátan wa ní Nàìjíríà, ẹ dákẹ́ ẹ̀rín. Ní pápá Surulere ní Èkó, níbi tí ẹ ti na Algeria 3-0 tí ẹ fi gba ife Áfíríkà ní 1980, ọtí tútù ló ń tà níbẹ̀ báyìí ju tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Odindi Èkó, ẹ ò rí ibi kan gbà wá lálejò níbẹ̀, Uyo lẹ wọ́ wa lọ.

Ohun tí àwọn ọ̀gá wa mọ̀ ọ́n ṣe ni ìsọmọlórúkọ. Wọ́n fi orúkọ Ọ̀gágun Mathieu Kérékou kún ti pápá. Nígbà tó di 2022, wọ́n ní orúkọ Ọ̀kẹ́rẹ́ kéré jù fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, wọ́n sọ wọ́n di Guépard, ẹranko tí mi ò tíì rí ọdẹ kan ní gbogbo Adja-Ouèrè tó pa á rí. Bẹ́ẹ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ yìí ló lọ sí Íjíbítì ní 2019, tí kò borí ẹnikẹ́ni láàárín àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, tó sì fi pẹ̀nárítì lé Morocco lọ sílé, tó wọ ìpele àwọn mẹ́jọ tó kù. Mo fẹ́ràn Ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn. Ká ní orúkọ tuntun ń mú koríko hù ni, Kouhounou ì bá ti dára ju Wembley lọ.

Ní Kpoulou níhìn-ín, pápá ilé-ìwé la ní, òun náà ń ṣe gbogbo iṣẹ́: ìpàdé, ìdìbò, ewúrẹ́, bọ́ọ̀lù bí àyè bá ṣẹ́ kù.