Mo Ní, Níbo Lo Ti Rí I?

Ẹ̀yin ará ilé, òfófó kọ́ lèmi fẹ́ ṣe o. Òfófó ni tí ẹni tí a ń sọ bá lè gbọ́. Topić ti kú, Hoving ti kú, Rorimer náà ti kú. Àgbélébùú tí wọ́n tìtorí ẹ̀ sáré kiri nìkan ló ṣẹ́kù ní New York, òun náà ò sì lẹ́nu. Ìyá Bùnmi, máa ṣa ẹ̀wà ẹ lọ, etí ni mo wá yá, n ò wá ọwọ́.

Ọkùnrin kan wà, ọmọ Yugoslavia, Ante Topić Mimara lorúkọ ẹ̀. Àbí ká ní orúkọ tó ń jẹ́ nìyẹn, nítorí àwọn kan ní orúkọ náà gan-an kì í ṣe tiẹ̀, pé ti sójà kan tó ti kú ló gbé wọ̀. N ò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ayé àtijọ́ ló ń kó jọ, ó sì kó o jọ débi pé ẹnu ń ya àwọn tó mọ iye tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń jẹ.

Ẹ sì gbọ́ ohun tó ṣe ní Munich. Lẹ́yìn ogun Hitler, àwọn sójà Amẹ́ríkà kó ẹrù ọnà tí àwọn Nazi jí jọ síbẹ̀, kí wọ́n lè dá a padà fún oníkálukú. Ní 1949, Topić wọlé tọ̀ wọ́n lọ, ó ní ìjọba Yugoslavia ló rán òun. Ó na ìwé sí wọn, ẹrù tó ju 100 ló kọ sínú ẹ̀. Wọ́n kà á, wọ́n di ẹrù, ẹrù lọ. Ìgbà tó lọ tán ni wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ò kan Yugoslavia rárá. Ọmọbìnrin Jámánì kan wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, onímọ̀ nípa ọnà ni, Wiltrud Mersmann. Nígbà tó yá, ó di ìyàwó Topić. N ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn ní ó di ìyàwó ẹ̀ ni.

Ibo la bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀n-ẹ́n, àgbélébùú.

Eyín ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ẹ má wulẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ erin, ẹran òkun ni, walrus, tó ń gbé inú omi dídì lápá àríwá ayé, tí eyín méjì gùn wálẹ̀ lẹ́nu ẹ̀. Eyín náà ò sì tóbi tó ti erin, ìyẹn ni wọ́n ṣe so ọ̀pọ̀ rẹ̀ pọ̀ kó tó di àgbélébùú tó ga tó sẹ̀ntímítà 57.5. Gẹ̀ẹ́sì ló gbẹ́ ẹ, ní nǹkan bí 1150 sí 1160. Èèyàn tó wà lára ẹ̀ ju 90 lọ! Ádámù àti Éfà wà nísàlẹ̀, Mósè àti ejò idẹ wà láàárín lójú iwájú, Ọ̀dọ́ Àgùntàn wà lẹ́yìn, àwọn obìnrin tó lọ sí ibojì Jésù wà níbẹ̀, àwọn wòlíì sì tò tẹ̀lé ara wọn, kálukú pẹ̀lú ìwé kíká lọ́wọ́. Òmíràn nínú wọn ò ga ju èékánná lọ, ẹ ó sì rí irùngbọ̀n ẹ̀. Bàbá Káfíńtà, ẹ má mirí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kan àga mẹ́fà láti ọdún iléyá!

Àmọ́ ohun kan wà tí inú mi ò dùn sí. Èébú wà lára ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi èdè Látìn fín sára ẹ̀, òmíràn nínú ẹ̀, àwọn Júù ni wọ́n fi ń bú. Lára àgbélébùú Jésù, tí òun fúnra ẹ̀ jẹ́ Júù! Hoving, tí mo ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ ẹ̀, ní ilé àwọn mọ́ǹkì ní Bury St Edmunds ló ti wá, ní ìlú tí Samson, olórí ilé náà, ti lé gbogbo Júù jáde ní 1190. Àwọn onímọ̀ míì ní àgbélébùú náà dàgbà ju ìyẹn lọ, wọ́n ní kí ó mú ẹ̀rí wá. Wọ́n ṣì ń jà á.

Jésù gan-an ò sí lórí ẹ̀ mọ́, ojú ibi tí wọ́n ti kàn án mọ́ ọn nìkan ló kù. Jésù kan wà ní Oslo, eyín walrus lòun náà. Àwọn kan ní òun ló já bọ́, àwọn kan ní kò bá a mu. Wọ́n dà bí ọkọ tó wà ní Kano tí ìyàwó wà ní Badagry, tí ẹbí ò mọ̀ bóyá ìgbéyàwó ṣì wà.

Topić wá ti àgbélébùú yìí mọ́ yàrá irin ní báǹkì kan ní Zurich. Tó bá fẹ́ tà, á ní kí wọ́n wá wò ó níbẹ̀. British Museum wá. Wọ́n wò ó, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Ìjọba wọn ṣe tán láti sanwó, àmọ́ wọ́n ní ìbéèrè kan péré: níbo lo ti rí i? Ṣé o lè fi hàn pé ìwọ lo ni ín? Topić ní òun ò sọ.

Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

British Museum ló ń bèèrè o! Ilé tí ojú Ìyá Ọba Idia wà títí di òní, eyín erin gidi, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ẹdó, tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì kó láàfin ní 1897. Ìgbà tí a fẹ́ ṣe FESTAC ní 1977, a ní kí wọ́n yá wa lásán, wọ́n kọ̀. Àwọn yẹn ló wá di onírìsíìtì ní Zurich. Kí n má purọ́, ohun tó tọ́ ni wọ́n bèèrè. Ẹnu tó bèèrè ẹ̀ ló pa mí lẹ́rìn-ín.

Wọ́n dájọ́: tó bá fi di òru 30 January 1963, tí Topić ò sọ, wọ́n á yọwọ́. Thomas Hoving, ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún 32 tó ń ṣiṣẹ́ ní Metropolitan Museum ní New York, ti wà ní Zurich. Wọ́n ní ó jókòó ti Topić, wọ́n jọ ń mu kọfí, títí aago méjìlá òru fi lù. Aago lù, ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì bọ́, Hoving rà á ní £200,000. Ṣé ó bèèrè ibi tó ti wá? Ó bèèrè. Ṣé ó dúró de ìdáhùn?

Ìyá Bùnmi ní, “Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.” Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, kì í ṣe èmi! James Rorimer tó jẹ́ ọ̀gá Hoving, tó fọwọ́ sí owó náà, nígbà ogun òun gan-an wà lára àwọn sójà Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ wíwá ẹrù ọnà tí àwọn Nazi jí.

Hoving kò tilẹ̀ fi pamọ́. Ó di ọ̀gá pátápátá ní Metropolitan ní 1967, ó sì kọ ìtàn náà sínú ìwé kan ní 1981, King of the Confessors, bí ìgbà tí ọdẹ bá ń ròyìn ẹran. Àgbélébùú wà ní Cloisters, ẹ̀ka Metropolitan tó wà lókè Manhattan. Ẹ sanwó ìwọlé, ẹ ó rí i.

Topić kó ìyókù ẹrù ẹ̀ fún ìjọba, wọ́n tún ilé ńlá kan ṣe fún un ní Zagreb, Mímárà ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n ṣí i ní 1987, ọdún náà gan-an ló kú. Àwọn onímọ̀ wọlé, wọ́n ń wo orúkọ ńláńlá tó wà lábẹ́ àwòrán, wọ́n ń wo ara wọn. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí. Àgbélébùú tí Rorimer kọ́kọ́ ń bẹ̀rù pé ó lè jẹ́ ayédèrú, òun làwọn onímọ̀ gbà pé ojúlówó ni. Òun ló sì tà.